Èwo Ni Ewé, Èwo Ni Eérú?

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ ọ̀dà ara ògiri kò tó ohun tí à ń sunkún lé lórí, ẹni náà ò tíì bá aránṣọ tún ilé ṣe rí.

Pálọ̀ ilé tuntun náà ṣófo. Kò sí àga, kò sí kọ́tìnì, àfi àkàbà pẹ́ńtà tó fara ti igun ilé àti àwọn ìwé ìròyìn àtijọ́ tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ kí ọ̀dà má baà kán sí ilẹ̀. Lára ògiri tó dojú kọ fèrèsé, aránṣọ wa ti fi búrọ́ọ̀ṣì kun ojú méjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó aṣọ ìnura. Ti òsì jẹ́ àwọ̀ ewé tí wọ́n bu eérú díẹ̀ sí. Ti ọ̀tún jẹ́ àwọ̀ eérú tí wọ́n bu ewé díẹ̀ sí. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó wà, ojú tó sì ti pẹ́ lẹ́nu wíwá òwú tó bá aṣọ mu kò lè ṣàì rí i. Láti àárọ̀ ló ti ń wò wọ́n. Ó wò wọ́n títí ewé fi fẹ́ di eérú, tí eérú sì fẹ́ di ewé, orí rẹ̀ wá dàrú.

"Wò ó dáadáa," ló sọ fún àfẹ́sọ́nà rẹ̀. "Má kàn máa mirí bí alángbá."

Káfíńtà ni àfẹ́sọ́nà náà, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tí kì í wọ aṣọ mìíràn ju funfun àti dúdú lọ. Ó kó ọwọ́ sápò, ó ń wo ògiri bí ẹni tí àlejò kí lójú títì, tí kò sì rántí ibi tí wọ́n ti mọra.

"Èyí tó bá wù ẹ́ náà ló wù mí," ló fèsì.

"Mi ò bi ẹ́ léèrè èyí tó wù mí. Èyí tó wù ẹ́ ni mò ń bi ẹ́."

"Ṣebí ìwọ lo mọ̀ nípa àwọ̀, Aláṣọ Eérú..."

"Ewé ni, kì í ṣe eérú!" ló dá a lóhùn, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀.

Bí wọ́n ṣe máa ń dá ara wọn lóhùn nìyẹn látìgbà tí wọ́n ti mọra. Ẹ̀gbọ́n káfíńtà yìí lóbìnrin, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Ọlọ́dà nítorí pé ọ̀dà ló ń tà, jẹ́ oníbàárà aránṣọ. Òun ló ní kí àbúrò òun wá tún tábìlì ìgéṣọ ṣe fún un, bẹ́ẹ̀ ó sì mọ ohun tó ń ṣe. Lọ́jọ́ náà, aṣọ àwọ̀ ewé kan tí aránṣọ rán fúnra rẹ̀ ló wà lọ́rùn rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù kún fún oníbàárà. Ẹnì kan béèrè lọ́wọ́ káfíńtà pé ta ló pè é, ló bá nawọ́: "Aláṣọ eérú yẹn ni." Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Aṣọ tó tutù bí ewé tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀, kí èèyàn pè é ní eérú! Aránṣọ rẹ́rìn-ín jù wọ́n lọ, torí pé ojú ọkùnrin náà gbẹ bí ẹni tó ń sọ òótọ́. Ó pẹ́ tó ti ń wá ọkùnrin tó lè dá àpárá láìfi eyín síta. Orúkọ náà sì mọ́ ọn lára.

Níwájú ògiri pálọ̀ yìí, nígbà tí káfíńtà rí i pé aránṣọ kò ní fi òun lọ́rùn sílẹ̀, ó mí kanlẹ̀.

"Ó dáa. Ti òsì."

"Ti òsì? Ó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú. Ti òsì dára."

Inú aránṣọ dùn débi pé ó dì mọ́ ọn pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. Ti òsì náà ló ń wu òun fúnra rẹ̀ láti àárọ̀, ẹ̀rù ló ń bà á láti sọ. Ó fi ìka tó ní ọ̀dà kàn án nímú, wọ́n sì ti ilé náà, wọ́n lọ.

Nígbà tí aránṣọ ròyìn fún ìyá rẹ̀, ìyá kò bá wọn yọ̀. Tíṣà àgbà tó ti fẹ̀yìn tì ni, ṣùgbọ́n kò fi ìbéèrè sílẹ̀ sí ilé ìwé. Bí ó bá kí èèyàn pé ṣé dáadáa ni, ṣe ni yóò dúró kí ó gbọ́ ìdáhùn tó péye.

"O bi í títí kó tó dáhùn, àbí o ò bi í títí?"

"Mo bi í títí díẹ̀, Mọ́mì."

"Ehn-ẹn." Ìyá bọ́ awò ojú rẹ̀. "Kí ni wọ́n ń pe bàbá ẹ ládùúgbò?"

Ta ni kò mọ̀? "Bàbá Bẹ́ẹ̀-ni."

"Bàbá Bẹ́ẹ̀-ni. Mo ní ká kó wá sí ilé yìí, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní kó má ta ọkọ̀ wa, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò gbọ́ 'ó tì' lẹ́nu ẹ̀ rí. Mò ń yọ̀, mo ní mo ti rí ẹni jẹ́jẹ́ fẹ́. Ó di àárọ̀ ọjọ́ kan, mo ní kó tètè máa bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni." Ó tún awò náà wọ̀. "Mo ṣì ń retí ẹ̀."

Ọmọdé ni aránṣọ nígbà náà, ṣùgbọ́n ó rántí abọ́ oúnjẹ tí ìyá rẹ̀ ń bò, tó ń ṣí, tó tún ń bò.

"Mi ò ní kó o má fẹ́ káfíńtà," ni ìyá sọ. "Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí kì í sọ tinú ẹ̀, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Mọ ohun tó wà níbẹ̀ kó o tó wọlé tọ̀ ọ́."

"Ó kúkú ti yàn, Mọ́mì. Ó ní ti òsì."

"A ti gbọ́. À ń wòran."

Nígbà tó yá, pẹ́ńtà ní ìmọ́lẹ̀ inú yàrá kò rí bíi ti pálọ̀, pé kí wọ́n dán ọ̀dà méjèèjì wò níbẹ̀ náà kí òun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Aránṣọ tún gbé búrọ́ọ̀ṣì. Agolo tó sún mọ́ ọn ló kọ́kọ́ ṣí, ti eérú ni, ó kùn ún sí òsì. Ó wá kun ti ewé sí ọ̀tún. Kò tilẹ̀ ronú nípa ìtò wọn rárá, ta ló ń ronú nípa irú ẹ̀?

Káfíńtà wọlé pẹ̀lú ìyẹ̀fun igi nínú irun. Aránṣọ fà á lọ́wọ́ dé iwájú ògiri.

"Sọ̀rọ̀. Báwo ló ṣe rí nínú yàrá?"

"Ti òsì náà ni," ni káfíńtà wí, ọkàn rẹ̀ balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. "Ṣebí mo ti sọ. Àwọ̀ ewé yẹn tutù lójú gan-an."

Eérú ló nawọ́ sí.

Aránṣọ wo ọwọ́ náà, ó wo ògiri, ó tún wo ọwọ́ náà.

"Èyí?"

"Èyí náà. Èyí tá a jọ yàn ní pálọ̀."

"Èyí tá a yàn ní pálọ̀ nìyí." Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ti ọ̀tún.

Ojú káfíńtà lọ sí ọ̀tún, ó padà sí òsì, ó wá dúró sí ojú aránṣọ, kò kúrò níbẹ̀ mọ́.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ló sọ. "Ìyẹn náà ni mò ń sọ."

Bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ náà gún aránṣọ láyà. Ó ṣe bí ẹni ń fọ búrọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n kò rí omi tó fi ń fọ̀ ọ́. Ṣé kò tilẹ̀ wo ti pálọ̀ nígbà tó ń yàn án ni? Ṣé ó kàn sọ ohun tó bọ́ sí i lẹ́nu kí òun lè jẹ́ kó sinmi ni? Àbí òun gan-an ni orí òun ti yí? Ó jáde lọ wo ti pálọ̀, ó padà wá wo ti yàrá. Rárá, orí rẹ̀ pé. Ẹni tó lè wo òun lójú kó pe eérú ní ewé, kí ló tún ku ohun tí kò lè pè ní ìfẹ́?

Kò sùn dáadáa. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó kun pátákó kékeré méjì, ọ̀kan ewé, ọ̀kan eérú, ó sì gbé wọn lọ sí ibi iṣẹ́ káfíńtà. Ọkùnrin náà ń fá igi ìlẹ̀kùn lọ́wọ́, òórùn igi tútù gba gbogbo ibẹ̀ kan. Aránṣọ fẹ́ràn òórùn náà débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ohun tó bá wá. Ó na pátákó méjèèjì síwájú.

"Mú èyí tó jẹ́ tiwa."

Káfíńtà rẹ́rìn-ín. Ó rí i pé aránṣọ kò rẹ́rìn-ín, tirẹ̀ náà kú. Ó na ọwọ́, ó rọra ń gbé e lọ sápá kan. Ibẹ̀ ni aránṣọ ti ṣàkíyèsí ohun tí kò ṣàkíyèsí rí: ọkùnrin yìí kò wo pátákó. Ojú òun ló ń wò. Ó ń wá ìdáhùn lójú òun bí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń yọjú wo ìwé ẹlòmíràn. Aránṣọ bá mú ojú le, kò jẹ́ kí nǹkan kan hàn níbẹ̀. Ọwọ́ náà dúró, ó ṣiyèméjì, ó yà sí apá kejì, ó sì mú eérú.

"Jẹ́ ká dá a dúró ná," ni aránṣọ wí.

"Kí ni? Ọ̀dà?"

"Gbogbo ẹ̀."

Káfíńtà ya ẹnu, ó tún pa á dé. Aránṣọ dúró dè é. Ká ní ó pariwo ni, ká ní ó bínú, ká ní ó sọ pé ó tì lẹ́ẹ̀kan péré, aránṣọ ìbá jókòó sórí pákó níbẹ̀ kó gbọ́ ọ.

"Bó bá wù ẹ́ bẹ́ẹ̀," ni káfíńtà sọ.

Aránṣọ sunkún délé pẹ̀lú pátákó méjì lábẹ́ abíyá.

Ìyá rẹ̀ kò sọ pé "mo ti sọ bẹ́ẹ̀." Ìyẹn gan-an ló le jù. Ó kàn gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, ó sì jókòó tì í. Ní ṣọ́ọ̀bù, nǹkan kò gún. Oníbàárà kan gbé aṣọ pupa padà wá, ó ní kí ni òwú búlúù ń wá nídìí rẹ̀. Aránṣọ wo iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀, kò mọ ìgbà tó rán an. Ó tú u, ó tún un rán, òórùn igi tútù ló sì ń wá sí i nímú nínú ṣọ́ọ̀bù tí kò sí igi. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń wọlé, tí wọ́n ń jáde, kò sì sí ẹni tó ṣi aṣọ rẹ̀ pè. Ó bínú sí káfíńtà. Àárò rẹ̀ ń sọ ọ́. Kò mọ èyí tó pọ̀ jù nínú méjèèjì, ó sì ń bínú sí ara rẹ̀ pé òun kò mọ̀ ọ́n.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, Ìyá Ọlọ́dà wọ ṣọ́ọ̀bù wá láìmú aṣọ kankan lọ́wọ́. Ó jókòó, ó ń nu òógùn.

"Ìyàwó wa, mi ò wá bẹ̀ ẹ́ o."

"Ẹ káàbọ̀, mà."

"Ọ̀ràn ara mi ni mo wá sọ. Ọ̀dà méjì yẹn, èmi ni mo pò wọ́n. Mo mọ̀ọ́mọ̀ mú wọn sún mọ́ra."

"Nítorí kí ni, mà?"

"Kí ẹni tó bá ṣì wọ́n mú má baà ṣìnà jìnnà." Ó rẹ́rìn-ín tí kò dé ojú. "Mi ò rántí pé aránṣọ ni wọ́n fẹ́ gbé e fún. Ìwọ tó ò ń rí ìyàtọ̀ láàárín òwú dúdú àti òwú dúdú!"

Ọ̀rọ̀ náà tún wá rú aránṣọ lójú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. "Ta ló máa ṣì wọ́n mú, Ẹ̀gbọ́n? Ẹ là á yé mi."

"Kì í ṣe ẹnu mi ló yẹ kó ti jáde. Mo ti búra fún un láti kékeré." Ìyá Ọlọ́dà dìde. "Ṣùgbọ́n mo ti sọ fún un pé ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Lọ bá a, ojú lọ̀rọ̀ wà. Bi í pé àwọ̀ wo ni aṣọ tó wà lọ́rùn ẹ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ rí ẹ."

"Ewé ni! Gbogbo ayé ló mọ̀."

"Èmi kọ́ ló yẹ kó o sọ ọ́ fún," ni Ìyá Ọlọ́dà wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Aránṣọ wọ aṣọ náà. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ lọ́nà pé ìwà òmùgọ̀ ni òun fẹ́ lọ hù, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì dúró. Ìlẹ̀kùn iwájú ilé tuntun náà ṣí sílẹ̀. Káfíńtà wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń so ìlẹ̀kùn yàrá mọ́ férémù.

"A ti dá a dúró, o ṣì ń so ìlẹ̀kùn?"

"Mi ò mọ nǹkan mìíràn tí mo lè ṣe." Kò gbójú sókè.

"Wò mí. Àwọ̀ wo ni aṣọ yìí?"

Ó wò ó. Ẹ̀rín kékeré kan fẹ́ yọ lẹ́nu rẹ̀. "Eérú."

"Má dá àpárá. Mo bẹ̀ ẹ́, lónìí nìkan, má dá àpárá."

Káfíńtà gbé òòlù sílẹ̀.

"Mi ò dá àpárá rí. Lọ́jọ́ yẹn gan-an, mi ò dá àpárá. Eérú ni mo rí. Ìgbà tí gbogbo yín rẹ́rìn-ín ni mo mọ̀ pé mo ti tún ṣì í. Mo wo ojú ẹ, mo rí i pé ó dùn mọ́ ẹ, mo bá jẹ́ kó dúró bẹ́ẹ̀."

"Mi ò gbọ́ ọ yé."

"Ojú mi ò yà wọ́n sọ́tọ̀. Ewé àti eérú, ọ̀kan náà ni wọ́n lójú mi. Ata pípọ́n àti ata tí kò tíì pọ́n, bákan náà. Bàbá mi á rán mi ní pípọ́n, màá já èyí tí kò pọ́n wá, á ní mò ń fi òun ṣeré, á nà mí. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń bá mi ra aṣọ. Òun náà ló ń bá mi yan ohun tí mo fi ń kun igi." Ó ń wo ilẹ̀. "Nígbà tí mo dàgbà, mo sọ fún ẹnì kan tí mo fẹ́ fẹ́. Ó sọ fún àwọn ará ilé ẹ̀. Wọ́n mú mi jókòó sáàárín, wọ́n ń gbé nǹkan sókè níkọ̀ọ̀kan: èyí ńkọ́? Ìyẹn ńkọ́? Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo ní mi ò ní sọ fún ẹnì kankan mọ́ láyé mi."

"Èmi wá ni ẹnì kankan?"

Aránṣọ fara ti ògiri, láàárín ewé àti eérú. Ó rántí àwọn aṣọ funfun. Ó rántí ojú tó gbẹ yẹn ní ṣọ́ọ̀bù. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde.

"Ojú ẹ kọ́ ló dùn mí," ló wí. "O wò mí, o jẹ́ kí n máa rò pé orí mi ti yí. O jẹ́ kí n rò pé bàbá mi ni mo tún fẹ́ lọ fẹ́."

"Ẹ̀rù ló bà mí."

"Ẹ̀rù ba èmi náà!"

Ohùn rẹ̀ dún nínú ilé òfìfo náà, ó padà wá bá wọn.

"Àwọ̀ nìkan lo pa irọ́ ẹ̀ fún mi?"

"Àwọ̀ nìkan."

"Lọ́jọ́ tí mo ní ká dá a dúró, ṣé bó o ṣe fẹ́ nìyẹn?"

"Ó tì."

Aránṣọ gbé orí sókè. "Tún un sọ."

"Ó tì," ni káfíńtà wí. "Mi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Mi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀ rárá."

Aránṣọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tì í, lórí ìwé ìròyìn, pẹ̀lú aṣọ dáadáa. Nígbà tó yá ló sọ pé, "Wàá fi ẹnu ara ẹ sọ fún ìyá mi."

"Ó tì," ni káfíńtà tún wí.

"Ìyẹn ò sí lára èyí tí mo ní kó o tún sọ," ni aránṣọ dá a lóhùn.

Ìyá wá wo ilé náà ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé. Ó tẹ ilẹ̀ wò, ó ṣí ìlẹ̀kùn, ó tì í, ó dúró níwájú ògiri pálọ̀.

"Káfíńtà. Èwo lẹ yàn nínú wọn?"

Káfíńtà wo ojú aránṣọ. Aránṣọ yí ojú sí fèrèsé. Kò sí ibi tó lè wò mọ́ àfi iwájú.

"Mi ò mọ̀, Mà."

"Kí lo wí?"

"Mi ò mọ èwo ni ewé, mi ò mọ èwo ni eérú. Bí wọ́n ṣe bí mi nìyẹn, ojú mi ò yà wọ́n. Mo fi pa mọ́ fún ọmọ yín, mi ò ṣe dáadáa. Ẹ má bínú, Mà." Ó nawọ́ sí aránṣọ. "Ṣùgbọ́n òun ni mo fẹ́. Ìyẹn ò rú mi lójú."

Ìyá bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó fi etí aṣọ nù ún, ó tún nù ún, bẹ́ẹ̀ ó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

"Gbogbo ìgbà tí mo fi bá bàbá ẹ gbé," ló sọ fún ọmọ rẹ̀, "mi ò gbọ́ 'mi ò mọ̀' lẹ́nu ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan." Ó yíjú sí káfíńtà. "Bó o bá fẹ́ pẹ́ níbi iṣẹ́, wàá pẹ́, o gbọ́? Ṣùgbọ́n máa sọ ọ́ kó o tó lọ."

"Mo gbọ́, Mà."

Ó wọ awò náà padà, ó sún mọ́ ògiri, ó wo òsì, ó wo ọ̀tún, ó sún mọ́ ọn sí i títí imú rẹ̀ fi fẹ́ kàn án.

"Ẹ jọ̀ọ́," ló wí, "kí tilẹ̀ ni ìyàtọ̀ wọn?"

Ewé ni wọ́n kùn, èyí tó wà lósì ní pálọ̀. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó, wọ́n kó ẹrù wọlé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, aránṣọ ti ṣọ́ọ̀bù dé pẹ̀lú aṣọ ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn lọ́rùn. Ọkọ rẹ̀ wà lójú ìlẹ̀kùn tó fọwọ́ ara rẹ̀ so, ó ń retí rẹ̀.

"Aláṣọ Eérú!"

Ó ti ya ẹnu láti dá a lóhùn bó ṣe máa ń dá a lóhùn. Ó wo ojú tó gbẹ yẹn, tí kò dá àpárá rí.

"Èmi náà ni," ló wí. "Mo ti dé."